Ta Ni Yóò Sin Ìyá? Ìtàn Ìyapa Nínú Ìjọ Kristi Nílẹ̀ Yorùbá

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kò rọrùn fún wa láti kọ, nítorí pé ọwọ́ àwa náà kò mọ́ nínú rẹ̀.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n pè wá sí ìpàdé ẹbí kan ní Tápà, nílẹ̀ Ìbàràpá. Ìyá àgbà kan ti sùn nínú Olúwa. Ó ti dàgbà, ó ti rí ọmọ, ó ti rí ọmọ-ọmọ, nítorí náà òkú ayọ̀ ni. Ohun tí a rò pé a ó bá lẹ́nu wọn ni ọ̀rọ̀ màlúù, aṣọ ẹbí àti àwọn tí yóò ro àmàlà, nítorí ẹ mọ̀ pé àmàlà láfún kì í wọ́n nídìí ìnáwó ní Ìbàràpá. Ṣùgbọ́n bí a ti wọlé ni a rí i pé nǹkan ti bàjẹ́. Àkọ́bí ìyá jókòó sí apá kan pẹ̀lú àwọn àgbà ìjọ rẹ̀. Àbíkẹ́yìn jókòó sí apá kejì pẹ̀lú wa. Ọmọbìnrin tó wà láàárín wọn, ẹni tó tọ́jú ìyá títí ó fi dákẹ́, jókòó sí ẹnu ọ̀nà, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Òkú wà ní mọ́ṣúárì, àwọn ọmọ kò sì lè dá ọjọ́ nítorí pé wọn kò tíì mọ ìjọ tí yóò sin ín.

Ìjọ mẹ́ta ló ń du òkú kan ṣoṣo. Nínú ìjọ àtijọ́ kan ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún ìyá ní kékeré. Àkọ́bí rẹ̀ sì ti padà síbẹ̀, ó ti di ọ̀kan nínú àwọn bàbá ìjọ. Nígbà tí ìyá lọ sílé ọkọ, ó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ lọ sí ìjọ mìíràn. Ibẹ̀ ni ó ti tọ́ àwọn ọmọ, ilẹ̀ ìjọ náà ni wọ́n sin ọkọ rẹ̀ sí, ọmọbìnrin yìí kò sì kúrò níbẹ̀. Nígbà tí ara di ara àgbà, àbíkẹ́yìn mú un wá sí ìjọ tiwa, a sì ń bá a gbàdúrà títí di ọjọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e wá mọ́.

Àwọn ará ìjọ àkọ́kọ́ gbé ìwé ńlá wá: orúkọ ìyá ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ gbèsè owó káàdì ọdún gbọọrọ, kí wọ́n san án kí aago tó lù. Àwọn ti ìjọ kejì ní pásítọ̀ ìjọ mìíràn kò ní dúró lórí pẹpẹ àwọn. Àwa ńkọ́? A kò ní parọ́ fún yín. A lọ síbẹ̀ láti gba òkú náà ni. A tilẹ̀ ti tẹ ìwé ètò ìsìnkú, pẹ̀lú àwòrán ìyá lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bi wá.

Olórí ẹbí náà jẹ́ Mùsùlùmí. Bàbá ti ń gbọ́ wa láti àárọ̀, ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀. Nígbà tó pẹ́, ó gbé ojú sókè, ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ mi, àti ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ má bínú sí mi o. Jésù tí ẹ̀ ń wí yìí, ṣé ẹyọ kan ni àbí mẹ́ta?"

Kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Ìbéèrè bàbá náà bá wa délé, òun ló sì mú kí a jókòó ti ìtàn ìjọ, kí a lè mọ ibi tí ìyapa ti wọlé dé ọ̀dọ̀ wa.

Wọ́n ti pín kí wọ́n tó wọkọ̀

Ìyapa kì í ṣe ọmọ àná. Kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún tí Olúwa wa gòkè re ọ̀run tí Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì fi ní láti kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì nítorí pé wọ́n ti ń to ara wọn sẹ́yìn ènìyàn: àwọn kan jẹ́ ti Pọ́ọ̀lù, àwọn kan jẹ́ ti Àpólò, àwọn mìíràn jẹ́ ti Kéfà. Ẹ ka orí kìíní ìwé Kọ́ríńtì Kìíní. Ní 1054, ìjọ ti Róòmù àti ti Kọnsitantinópù pín yà. Ní 1517, Martin Luther, àlùfáà kan ní Jámánì, bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn tó pín ìjọ ilẹ̀ Yúróòpù sí méjì. Ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò lábẹ́ Póòpù ní 1534, láti inú ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí kan náà ni àwọn Mẹ́tọ́díìsì sì ti jáde lẹ́yìn náà.

Nítorí náà, nígbà tí ìhìnrere dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn tó gbé e wá ti pín kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Thomas Birch Freeman ti Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù September 1842. Henry Townsend ti C.M.S. dé ní December ọdún kan náà, àwọn méjèèjì sì jọ ṣe Kérésìmesì níbẹ̀. Ní 1850, Thomas Jefferson Bowen dé láti Amẹ́ríkà, ó mú ìjọ Onítẹ̀bọmi wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi etí sí èyí dáadáa. Àpapọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi ti ìhà gúúsù Amẹ́ríkà, èyí tó rán Bowen, ní 1845 ni wọ́n dá a sílẹ̀, nígbà tí wọ́n yapa kúrò lọ́dọ̀ àwọn ará wọn ti ìhà àríwá lórí ọ̀rọ̀ ẹrú: ṣé ẹni tó ní ẹrú lè jẹ́ ajíhìnrere? Ìhà gúúsù ní ó lè jẹ́ ẹ. Ìjọ tí irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ bí ló wá wàásù fún ilẹ̀ tí wọ́n ti ń kó ẹrú lọ. Síbẹ̀ Ọlọ́run lò ó, ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa sì rí ìgbàlà nípasẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run jinlẹ̀.

Ohun tí àwa náà ṣe

Ẹ jẹ́ ká má dá òyìnbó lẹ́bi tán. Ní 1888, nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Èkó, W. J. David, òyìnbó tó jẹ́ alábòójútó, dá Moses Ladejo Stone dúró lẹ́nu iṣẹ́ láìbi ìjọ léèrè. Ọmọ Yorùbá ni Stone, ọ̀rọ̀ owó oṣù sì wà nínú èdè-àìyedè náà. Inú bí ìjọ. Ọ̀pọ̀ wọn jáde, wọ́n dá ìjọ Onítẹ̀bọmi ti àwọn ọmọ ilẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn ni David Vincent, ẹni tó padà ń jẹ́ Mojọlá Agbébi, tó bọ́ orúkọ òyìnbó sọnù, tó sì ń wọ aṣọ ilẹ̀ wa.

Àwọn tó jáde wọ̀nyí kò jó afárá lẹ́yìn. Stone fúnra rẹ̀ padà sí ìjọ tó ti kúrò níbẹ̀. Nígbà tó sì di 1914, lẹ́yìn ọdún 26, àwọn tó jáde àti àwọn tó dúró jọ dá àpapọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi ilẹ̀ Yorùbá sílẹ̀. Ta ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́? Mojọlá Agbébi. Ẹni tó ṣáájú ìjáde ni àwọn méjèèjì fi ṣe olórí nígbà tí wọ́n padà jókòó pọ̀. A ti ka ìtàn ìyapa púpọ̀, ṣùgbọ́n irú èyí kò pọ̀ nínú wọn.

Ti ìjọ St Paul's, Breadfruit, ní Èkó kò rí bẹ́ẹ̀. James Johnson ni àlùfáà wọn, ẹni mímọ́ tí gbogbo ìlú bọ̀wọ̀ fún. Wọ́n sọ ọ́ di igbákejì bíṣọ́ọ̀bù ní 1900. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell ní kó fi Breadfruit sílẹ̀, àwọn ọmọ ìjọ rí i bí ẹni pé wọ́n fi àgbà dù ú ni. Ní October 1901, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn jáde, wọ́n sì dá ìjọ Bẹ́tẹ́lì sílẹ̀, èyí tó di Ìjọ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n Johnson tí wọ́n tìtorí rẹ̀ jáde kò bá wọn lọ. Áńgílíkà ló wà títí ó fi kú ní 1917. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti máa ń rí nígbà tí a bá ń jà fún ènìyàn láìbi í bóyá ó fẹ́ kí a jà fún òun.

Nínú Ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù, ọdún mẹ́rin péré ni ìṣọ̀kan fi dúró. Ní 1925 ni Mósè Ọrímọládé àti ọ̀dọ́mọbìnrin nì, Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pọ̀ ní Èkó. Nígbà tó fi máa di 1929, olúkúlùkù ti ń dá tirẹ̀ ṣe.

Wàhálà kuníìnì

Ìtàn tó kan àwa Pẹ́ntíkọ́sì jù ni ti ìjọ Àpọ́sítélì, nítorí náà ẹ jẹ́ ká tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀.

Ní 1918, àjàkálẹ̀ àrùn tí òyìnbó ń pè ní influenza pa ènìyàn káàkiri ayé, kò sì yọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú sílẹ̀. Nínú ìjọ Áńgílíkà St Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn mélòó kan kó ara wọn jọ láti máa gbàdúrà. Olórí wọn ni Joseph Shadare, tí a tún mọ̀ sí Esinsinade. Olùkọ́bìnrin kan, Sophia Odunlami, wà lára wọn. Àwọn tó kọ ìtàn wọn ròyìn pé ẹni tó ń tọ́jú ilé ìjọsìn, Daddy Ali, lá àlá kan nígbà náà: ó rí ìjọ tó pín sí méjì, apá kékeré wà nínú ìmọ́lẹ̀, apá ńlá wà nínú òkùnkùn.

Àwọn wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí í gba Ọlọ́run gbọ́ fún ìwòsàn láìlo oògùn kankan, wọn kò sì fẹ́ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ mọ́. Nígbà tó di 1922, ọ̀nà wọn pín pátápátá. Esinsinade ní láti fi ipò rẹ̀ nínú Sínódù sílẹ̀. Àwọn kan pàdánù iṣẹ́ wọn. A sì lé àwọn ọmọ wọn kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ. Ẹ̀yin òbí, ẹ rò ó wò. Ọmọ tí kò mọ ohunkóhun nípa ìrìbọmi, tó ń ka álífábẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n ní kó gbé síléètì rẹ̀ kó máa lọ sílé.

Wọ́n dara pọ̀ mọ́ ìjọ Faith Tabernacle ní Philadelphia, Amẹ́ríkà, nípasẹ̀ ìwé tí wọ́n ń gbà láti ibẹ̀. Nígbà tó di July 1930, èdè-àìyedè tún ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn lórí ẹ̀kọ́ ìjọ, àwọn àgbà sì pàdé ní Òkè-Oòyè, Iléṣà, láti yanjú rẹ̀. Ọ̀ràn 24 ni wọ́n kọ sílẹ̀ láti jíròrò. Bí ìròyìn ti sọ, mẹ́fà ni wọ́n tíì yẹ̀ wò nígbà tí ariwo ta pé Joseph Ayọ̀ Babalọlá ti gbàdúrà lórí òkú ọmọ kan, ọmọ náà sì jí. Ẹni yìí ti jẹ́ awakọ̀ ẹ̀rọ tí ń tẹ títì kí Ọlọ́run tó pè é ní 1928. Ẹgbàágbèje ènìyàn ya wá láti ìlú gbogbo. Ìpàdé tú ká, ìsọjí bẹ̀rẹ̀. Ọ̀ràn 18 tó ṣẹ́kù wà nínú ìwé níbẹ̀, kò sí ẹni tó rántí wọn lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn tí a kò yanjú kì í kú. Inúnibíni ìjọba àti ti àwọn ìjọ àgbà pọ̀ lẹ́yìn ìsọjí náà, Babalọlá pàápàá ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin ní 1932. Àwọn àgbà ti rí i pé àwọn nílò alátìlẹ́yìn. Wọ́n kọ̀wé sí ìjọ Àpọ́sítélì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òyìnbó mẹ́ta sì dé ní 1931: D. P. Williams, W. J. Williams àti Andrew Turnbull. Lẹ́yìn wọn ni George Perfect àti Idris Vaughan wá láti gbé ibí. Nígbà tó yá, àwọn ará wa rí i pé àwọn òyìnbó wọ̀nyí ń lo kuníìnì kí ibà má baà pa wọ́n.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ẹ̀rín. Ìbà ti pa òyìnbó tó pọ̀ jù ní etí òkun wa. Àwọn ajíhìnrere náà gbà pé Ọlọ́run ń wòsàn, ṣùgbọ́n wọn kò gbà pé ẹni tó lo oògùn ti ṣẹ̀. Lójú wọn, ohun kékeré ni kuníìnì. Ṣùgbọ́n lójú àwọn ará wa, kò kéré. Nítorí èyí gan-an ni wọ́n fi pàdánù iṣẹ́, tí wọ́n sì lé ọmọ wọn nílé ẹ̀kọ́. Àwọn mìíràn ti wo ọmọ tiwọn nínú ibà, wọn kò fún un ní oògùn, wọ́n ń gbàdúrà. Báwo ni ẹni tó san irú owó bẹ́ẹ̀ yóò ṣe gbọ́ pé ohun kékeré ni? Ó dá wa lójú pé bí àwọn òyìnbó bá mọ ohun tí 1922 ná àwọn ènìyàn wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ ìbá ti gba ọ̀nà mìíràn lẹ́nu wọn. Lọ́nà kejì, bí àwọn tiwa bá ti rò ó pé àlejò tí kò ní agbára ara láti kojú ẹ̀fọn ni wọ́n, bóyá wọn ìbá ti fi ohùn jẹ́jẹ́ bá wọn sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ta ni yóò darí ìjọ àti ta ni yóò ni ilé ìjọsìn tún dà pọ̀ mọ́ ti oògùn, ó sì di ohun tí kò ṣeé tú mọ́.

Láàárín 1939 sí 1941, wọ́n pín yà. Àwọn kan bíi Pásítọ̀ S. G. Adégbóyèga dúró ti àwọn òyìnbó nínú ìjọ Àpọ́sítélì. Babalọlá, Akínyẹlé, Odubanjo àti Esinsinade jáde. Ìjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ni ìjọba fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 4 May 1943, òun ni gbogbo wa mọ̀ sí C.A.C. Isaac Akínyẹlé yìí ló di Olúbàdàn ní 1955.

Ìjọ méjèèjì gbilẹ̀. A kò lè sọ pé Ọlọ́run kọ ọ̀kan. Lónìí ẹ lọ sí Igbó-Ọrà, níbi tí Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wá láti 1963, ẹ ó rí àwọn ìyá láti inú ìjọ àtijọ́, ìjọ aládùúrà àti ìjọ tiwa lórí bẹ́ǹṣì kan náà, tí olúkúlùkù gbé ọmọ tí ibà ń ṣe lọ́wọ́, tí wọ́n ń retí nọ́ọ̀sì kan náà. Ohun tí àwọn bàbá fi pín yà, àwọn ọmọ kò fi pín yà mọ́. Ṣùgbọ́n ìjọ ṣì wà ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Àwọn ìjọ tó dé lẹ́yìn kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti inú Kérúbù àti Séráfù ni Josiah Akíndayọ̀mí ti jáde tó fi dá ìjọ Ìràpadà sílẹ̀ ní 1952. W. F. Kúmúyì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Bíbélì ní 1973, ìjọ tó wà tẹ́lẹ̀ sì yọ ọ́ ní 1975. Àwọn tó gbìyànjú láti so pọ̀ náà wà: Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì àti Presbyterian ti fi 11 December 1965 ṣe ọjọ́ tí wọn yóò di ìjọ kan, ọjọ́ náà kò sì wáyé. Mẹ́tọ́díìsì fúnra rẹ̀ pín sí méjì ní 1976. Àwọn yẹn ṣá parí ìjà tiwọn ní 1990.

A padà sí Tápà

Bàbá olórí ẹbí ló yanjú ọ̀ràn náà, kì í ṣe àwa. Lẹ́yìn tí gbogbo wa ti dákẹ́, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó bi ọmọbìnrin nì léèrè bóyá ìyá sọ ohunkóhun sílẹ̀. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀. Ó ní: "Bàbá, Màmá ní kí wọ́n sin òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sọ ọ́ fún mi. Kò sí ẹni tó bi mí ni."

Àwa tí a ti tẹ ìwé ètò sílẹ̀, a kò mọ ibi tí a ó fi ojú sí.

Ìjọ ọkọ ìyá ló ṣe ìsìn. Lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀, wọ́n gbà kí ẹnì kan láti ìjọ àkọ́kọ́ ka Bíbélì, wọ́n sì ní kí pásítọ̀ wa gbàdúrà létí isà, kì í ṣe lórí pẹpẹ. A gbà á bẹ́ẹ̀. Ní ti owó káàdì, olórí ẹbí ló san án láti àpò ara rẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ kí gbèsè wà lọ́rùn ìyàwó àbúrò òun. Ìwé ètò tiwa wà nínú páálí lẹ́yìn ilé ìjọsìn wa títí di òní.

Àkọ́bí àti àbíkẹ́yìn kò tíì máa wọ ilé ara wọn bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọmọbìnrin náà ló ń lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì, tó ń gbé oúnjẹ ọdún láti ilé kan dé èkejì. Ṣùgbọ́n ní oṣù tó kọjá, àkọ́bí ránṣẹ́ sí wa. Wọ́n fẹ́ ṣe ìsìn ìrántí ìyá, ó sì ń béèrè bóyá akọrin wa lè wá, kí àbúrò òun sì wá ka ẹ̀kọ́ kejì. A ti dá a lóhùn pé a ó wá. A ṣì ń dúró de èsì àbúrò rẹ̀.